Bí Gbòǹgbò Ṣe Ń Gba Amóníọ̀mù, àti Bí A Ṣe Lè Fún Un ní Ìwọ̀n Tí Ó Lè Lò

Ní àgbègbè Ìkòròdú, láti Odogunyan títí dé Imota, àgbẹ̀ tó bá ra àpò yúríà kan lóde òní mọ̀ pé owó ńlá ni òun ná. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ajílẹ̀ tí à ń fọ́n sórí ilẹ̀ ni kì í dé inú ohun ọ̀gbìn rárá. Òmíràn á bá afẹ́fẹ́ lọ, òmíràn á bá omi òjò wọlẹ̀ jìnnà kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé, òmíràn á sì pọ̀ lójú kan débi pé yóò jó gbòǹgbò tí a ní kó bọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí ni pé gbòǹgbò kò lè kó amóníọ̀mù, ìyẹn oríṣi oúnjẹ náítírójìn tí yúríà ń dà nínú ilẹ̀, jọ pamọ́ títí. Bí ó bá ti gbà á ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ká máa fún un, inú ilẹ̀ ni ká fi í sí, ìgbà tí ewé ń rí oòrùn tí ohun ọ̀gbìn sì ń dàgbà ni ká fún un. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò tó gbà á

Nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni náítírójìn, ṣùgbọ́n àgbàdo, tẹ̀tẹ̀ tàbí ìrẹsì kò lè mú un láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti àwọn ìbátan wọn ní bakitéríà tó ń gbé nínú àwọn kókó ara gbòǹgbò wọn, èyí tó ń bá wọn mú un. Àwọn ọ̀gbìn yòókù gbára lé ohun tó bá wà nínú ilẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n sì máa ń gbà jù lọ: amóníọ̀mù àti náítíréètì.

Yúríà fúnra rẹ̀ kì í ṣe amóníọ̀mù. Nígbà tó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tútù, ensáìmù kan, ìyẹn prótéènì tó ń mú ìyípadà yá, tí wọ́n ń pè ní urease, èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń pèsè, ni yóò tú u palẹ̀ di amóníọ̀mù. Nínú ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, iṣẹ́ yìí kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Lójú ibi tó ti ń tú palẹ̀ yẹn, kíkan ilẹ̀ (ìyẹn ásíìdì inú rẹ̀) á dínkù fún ìgbà díẹ̀, apá kan nínú amóníọ̀mù á sì di gáàsì amóníà, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sí ni nímú. Bí yúríà bá wà lórí ilẹ̀ gbalasa, ojú ọ̀run ni gáàsì yẹn ń gbà lọ. Bí ó bá wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á gbá a mú.

Amóníọ̀mù ní iná pósítíìfù lára; amọ̀ àti ewé tó ti jẹrà di ilẹ̀ dúdú ní iná nẹ́gétíìfù. Wọ́n á fa ara wọn mọ́ra, amóníọ̀mù náà á sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí òjò kò fi ní tètè gbé e lọ. Iyanrìn kò ní ohun tí yóò fi dì í mú tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ilẹ̀ oníyanrìn tó pọ̀ káàkiri Ìkòròdú kì í fi pẹ́ kí ebi tún tó pa á lẹ́yìn tí a bá ti bọ́ ọ.

Amóníọ̀mù tí gbòǹgbò kò bá tètè gbà, àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n ń dúró dè é. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà nì, Sergei Winogradsky, fi iṣẹ́ wọn hàn kedere. Àwọn bíi Nitrosomonas á sọ amóníọ̀mù di náítíráìtì, àwọn bíi Nitrobacter àti Nitrospira á sì sọ náítíráìtì di náítíréètì. Ohun ọ̀gbìn fẹ́ràn náítíréètì náà, ṣùgbọ́n iná nẹ́gétíìfù ni òun ní lára, kò sì lè lẹ̀ mọ́ amọ̀. Òjò oṣù kẹfà kan péré tó bá rọ̀ fún wákàtí mélòó kan lè gbá a wọlẹ̀ kọjá gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú.

Ohun tí gbòǹgbò ń fi í ṣe

Lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo àwọn sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò, pàápàá àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí ẹnu rẹ̀, àwọn prótéènì kan wà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí amóníọ̀mù ń gbà wọlé. Bí gbòǹgbò bá ti ń gba amóníọ̀mù tó ní iná pósítíìfù sínú, ó ní láti tú háídírójìn oníná pósítíìfù síta kí ara rẹ̀ lè dọ́gba, háídírójìn yìí ni ó sì ń mú kí ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò ká máa kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹfun oko, ìyẹn ẹfun tí à ń dà sí ilẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù.

Amóníọ̀mù tó ti wọlé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹni tó ra ẹja tútù lọ́jà Ẹ̀pẹ́ tí kò ní fìríìjì, kíá ni sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ sè é. Ensáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glutamine synthetase á so amóníọ̀mù mọ́ glutamate, yóò sì di glutamine. Ensáìmù kejì, tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí GOGAT, á wá pín glutamine náà, kí glutamate lè tún wà nílẹ̀ fún amóníọ̀mù mìíràn. Láti inú àwọn wọ̀nyí ni ohun ọ̀gbìn ti ń ṣe prótéènì, èyí tó wà nínú ewé àti nínú hóró àgbàdo, àti ohun tó ń mú ewé dúdú mínímíní.

Iṣẹ́ yìí ń gba agbára, ó sì ń gba egungun kábọ́ọ̀nù tí amóníọ̀mù yóò so mọ́. Ṣúgà ni méjèèjì ti ń wá, ewé tó rí oòrùn ló sì ń ṣe ṣúgà tó ń fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò. Bí ṣúgà kò bá tó, tàbí tí amóníọ̀mù pọ̀ ju èyí tí gbòǹgbò lè sè lọ, ohun tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ á di májèlé. Náítíréètì yàtọ̀ ní tirẹ̀: sẹ́ẹ̀lì lè kó o pamọ́ sínú àpò omi inú rẹ̀, tàbí kó fi ránṣẹ́ sínú ewé, ṣùgbọ́n ó máa ń ná agbára púpọ̀ kí ó tó sọ ọ́ di amóníọ̀mù tí yóò lò. Amóníọ̀mù dínwó fún ohun ọ̀gbìn láti lò, kò kàn ṣe é kó pamọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń dá

Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tó tutù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ dì í mọ́wọ́ ṣinṣin, kí ẹ wá ṣíwọ́. Bí ó bá fọ́nká lójú ẹsẹ̀, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá dì, tí ẹ sì lè rọ ọ́ bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, amọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ẹ ó máa bọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìwọ̀n kékeré. Ilẹ̀ amọ̀, irú èyí tó wà ní àbàtà àti etídò, lè gba ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò ní yunifásítì tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn, kí wọ́n sọ fún yín bí ó ṣe kan tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ara àpò

Nọ́ńbà tó wà lára àpò, èyí àkọ́kọ́ bó bá ju ẹyọ kan lọ, ń sọ ìdá náítírójìn tó wà nínú ọgọ́rùn-ún. Yúríà ní 46. Amóníọ̀mù sọ́fétì ní 21, pẹ̀lú súfúrù. NPK 15-15-15, tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ̀mù pọ̀, ní 15. Àpò kílò 50 yúríà tipa bẹ́ẹ̀ ní kílò 23 náítírójìn nínú, nígbà tí àpò NPK 15-15-15 ní kílò 7.5. Ẹni tó bá ń fi abọ́ kan náà wọn méjèèjì ń fún oko rẹ̀ ní náítírójìn tó ju ìlọ́po méjì ara wọn lọ láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò ìwọ̀n kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè

Ẹ jẹ́ ká fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ lórí púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ amọ̀ kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 ní ìbú àti ẹsẹ̀ 120 ní gígùn, èyí tó fẹ́ tó sikuwẹ́à mítà 669. Bí a bá fẹ́ fún un ní gíráàmù 10 náítírójìn lórí sikuwẹ́à mítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kílò 6.7. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún NPK 15-15-15, èyí tó jẹ́ nǹkan bí kílò 22, ní ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tí ẹ gbìn. Ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀ fún yúríà, tí ó jẹ́ kílò 7 àti díẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Bí àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín poro bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, tí ti igi àgbàdo sí èkejì sì jẹ́ 25, tí ẹ dá igi kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, NPK tó kan igi kọ̀ọ̀kan á jẹ́ gíráàmù 6, yúríà á sì jẹ́ gíráàmù 2 péré.

Gíráàmù 2 kéré débi pé ọwọ́ kò lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí mo máa ń gba àgbẹ̀ níyànjú ni pé kó mú ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó bu yúríà sí i kó tẹ́jú, kó da yúríà inú ìdérí mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ sórí ìwọ̀n, kó wá pín in sí mẹ́wàá. Ó ti mọ̀ nìyẹn bóyá ìdérí kan tó fún igi kan tàbí igi méjì, ìdérí yẹn náà ni yóò sì máa lò títí yóò fi parí oko.

Fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú lórí ebè tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mítà mẹ́wàá, gíráàmù 55 yúríà ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ́ ọ sínú omi lítà 10, kí ẹ rọ ọ́ sáàárín ìlà láìjẹ́ kó kán sí ewé, kí ẹ sì fi omi lásán tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti da ìgbẹ́ adìẹ sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ẹ dín gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àkókò àti ojú ọjọ́

Ẹ má fi ajílẹ̀ sí oko ní ọ̀sẹ̀ tí òjò ńlá ń rọ̀ lójoojúmọ́, pàápàá lórí iyanrìn. Àárọ̀ kùtù tàbí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí omi kò dúró lójú rẹ̀. Oko òkè tí omi ń dá sí lára kò gbọ́dọ̀ rí yúríà títí tí omi náà yóò fi gbẹ, nítorí pé gbòǹgbò àgbàdo tí kò rí afẹ́fẹ́ mí kò ní agbára láti sè ohun tó bá wọlé. Bákan náà, ẹ̀fọ́ tó wà lábẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò rí oòrùn tó láti ṣe ṣúgà. Ìdajì ohun tí ẹ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí ajílẹ̀ yóò wọ̀

Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ lè mú lò nínú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ eléyìí. Ẹ fi ọkọ́ fa ojú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ fi igi gún ihò, ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 sí ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀gbìn, kí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ da ajílẹ̀ sí i, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ ìdí ọ̀gbìn jù, amóníà tó ń jáde lára yúríà á jó gbòǹgbò; bí ó bá sì jìnnà jù, àwọn bakitéríà á ti sọ ọ́ di náítíréètì kí irun gbòǹgbò tó débẹ̀. Ẹ má fi yúríà sínú ihò kan náà pẹ̀lú irúgbìn láé. Yàtọ̀ sí pé iyẹ̀pẹ̀ ń dá gáàsì dúró, gbòǹgbò máa ń ya ẹ̀ka púpọ̀ níbi tó bá ti rí amóníọ̀mù níwọ̀nba, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi tí ẹ bá fi oúnjẹ sí ni ẹ ti ń kọ́ gbòǹgbò ní ọ̀nà.

Fún ẹni tó ń gbin ìrẹsì ní àbàtà

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tó wà ní Imota ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti wá sún mọ́ ẹnu àgbẹ̀ Ìkòròdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí á mọ̀ pé ọ̀nà tí ìrẹsì inú omi ń gbà jẹun yàtọ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí omi bò, afẹ́fẹ́ kò wọlé, àwọn bakitéríà tó ń ṣe náítíréètì kò sì rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Amóníọ̀mù á dúró bí amóníọ̀mù, ìrẹsì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gbìn tó lè gba amóníọ̀mù púpọ̀ láìfarapa. Ajílẹ̀ oní-náítíréètì kò yẹ fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn bakitéríà mìíràn tó ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí á sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn, yóò sì padà sínú afẹ́fẹ́ tó ti wá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí a fọ́n yúríà sórí omi tó dúró. Ewéko tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mú omi oko rí dúdú bí ewé máa ń fa kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì inú omi náà lọ́sàn-án gangan, kíkan omi á lọ sílẹ̀ pátápátá, amóníọ̀mù á sì máa fò lọ bí amóníà nínú oòrùn. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fa omi kù títí ẹrẹ̀ yóò fi hàn, kí ẹ fi yúríà sí i, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí ọkọ́ rò ó mọ́ ẹrẹ̀, kí ẹ sì dá omi padà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá tún un gbìn, kí ẹ sì ṣe èkejì nígbà tí ṣírí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá nínú igi rẹ̀. Ẹni tó bá lè rí yúríà tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di kókó ńlá, kó rì í sínú ẹrẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 láàárín igi mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Ìgbẹ́ adìẹ

Ìkòròdú kún fún oko adìẹ, ìgbẹ́ wọn sì jẹ́ ọ̀kan lára ajílẹ̀ tó dára jù tí a ní nítòsí. Amóníọ̀mù náà ni púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ń dà bí ó bá ti jẹrà. Òórùn tó ń ta sí ni nímú nínú àpò ìgbẹ́ tútù ni owó yín tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ to ìgbẹ́ náà ní ìpele ìpele pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi tàbí pẹ̀lú koríko gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù láìjẹ́ kó máa ro, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ooru àti òórùn náà bá ti lọ tán, èyí tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da eérú sí òkìtì yìí. Eérú ń pa kíkan, ibi tí kíkan bá sì ti lọ ni amóníọ̀mù ti ń di gáàsì.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti tó tàbí ó ti pọ̀ jù

Ebi náítírójìn máa ń kọ́kọ́ hàn lára ewé ìsàlẹ̀, torí pé ohun ọ̀gbìn ń kó o kúrò lára àwọn ewé àgbà láti fún ewé tuntun. Lára àgbàdo, ìpọ́nrúsúrúsú náà á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ewé, á sì gba àárín rẹ̀ lọ sí ìdí.

Bí amóníọ̀mù bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ ewé á jó, ọ̀gbìn á sì dúró lójú kan. Ẹ hú igi kan kí ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá kúrú, tó nípọn, tó pọ́n bí ìpẹtà, tí irun wẹ́wẹ́ kò sí lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Amóníọ̀mù tún máa ń bá pọ̀tásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti magnesium du ọ̀nà àtiwọlé, ìdí nìyẹn tí ìdí èso tòmátì fi lè máa jẹrà dúdú nínú oko tí yúríà pọ̀ sí. Ẹ dáwọ́ ajílẹ̀ dúró, ẹ fi omi púpọ̀ rin ilẹ̀ bó bá jẹ́ iyanrìn, kí ẹ sì fún un ní pọ̀tásíọ̀mù nígbà tí ewé tuntun bá tún yọ. Tòmátì àti ata fẹ́ kí náítíréètì wà nínú oúnjẹ wọn ju ìrẹsì lọ, nítorí náà yúríà nìkan kò tó wọn; bí ẹ bá lè rí ajílẹ̀ kálísíọ̀mù náítíréètì rà, ẹ fi kún un.

Kíkan ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀

Háídírójìn tí gbòǹgbò ń tú síta, àti èyí tí bakitéríà ń tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ amóníọ̀mù di náítíréètì, ń mú ilẹ̀ kan sí i lọ́dọọdún. Fún ìwọ̀n náítírójìn kan náà, amóníọ̀mù sọ́fétì ń mú ilẹ̀ kan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti yúríà. Bí pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń dínkù bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí i, bá ti lọ sísàlẹ̀ 5.5, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á sì máa pa ẹnu gbòǹgbò, àgbàdo kò sì ní lè jẹ ohun tí ẹ fún un mọ́. Ẹ jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ sọ ìwọ̀n ẹfun oko tí ẹ máa rà. Ẹ da á sí ilẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí òjò àkọ́kọ́ lè rin ín wọlé, kí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kí ó sì lo ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ilẹ̀ kí yúríà tàbí amóníọ̀mù sọ́fétì tó kàn án. Òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kan eérú igi náà fún ẹni tí kò bá rí ẹfun rà.